Owó Wúrà Tí Mo Fi Eérú Fọ̀ ní Hamburg

Ìwé kan wà lórí tábìlì oúnjẹ wa ní Marzahn, ní Berlin, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú ewé mẹ́rin ni. Nísàlẹ̀ ojú ewé kẹrin, ìlà mẹ́rin ló wà fún ìbuwọ́lù: ti ọ̀gá, ti ọmọ iṣẹ́, ti ìyá, ti bàbá. Mẹ́ta ti kún. Èyí tó ṣófo, tèmi ni.

Àwọn ará Jámánì ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ausbildungsvertrag, àdéhùn pé ènìyàn máa kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Àjọkẹ́, ọmọ mi, ló fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kò tíì dàgbà tó ẹni tó lè dá buwọ́ lùwé lábẹ́ òfin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ọwọ́ ìyá àti ọwọ́ bàbá. Iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ni iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlógójì ṣe: yíyẹ owó àtijọ́ wò, pàápàá owó wúrà àwọn ará Róòmù. Ilé ìtajà tó gbà á, ní Hamburg, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ́ èmi náà. Ìwé náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn lọ́jọ́ Ajé. Òní ni Ọjọ́bọ̀.

"Bàbá Àjọkẹ́, ṣé kò sí bíírò nínú ilé yìí ni?" Ìyàwó mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí.

"Ó wà."

"Àbí yíǹkì ẹ̀ ló tán?"

"Kò tán."

"Ó dáa. Mo kàn ń béèrè ni."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣeré. Títí Àjọkẹ́ fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń sìn ín dé ibùdó tram. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń dúró lójú fèrèsé wa ní àjà keje títí tram á fi gbé e lọ. Tí S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìlú, bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́, mo ti pè é lórí fóònù. "Papa, ich lebe noch," lá fi dá mi lóhùn, pé òun ṣì wà láàyè. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Jenfeld ló máa gbé ní Hamburg, ibùsùn wà, oúnjẹ wà. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni. Wúrà olówó ni wọ́n máa ń kó sí wa lọ́wọ́, ọwọ́ sì lè ṣàṣìṣe. Tí ọwọ́ tiwa bá ṣàṣìṣe ní ìlú onílùú, gbogbo ojú ló máa yí padà wá wò ó. Mo mọ̀, nítorí ọwọ́ mi ti ṣe é rí. Mi ò sọ ọ́ fún Àjọkẹ́ rí.

Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, àwa Yorùbá ní Jámánì, ti ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ nǹkan fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe. Mo pinnu pé màá kọ tèmi kí n tó mú bíírò yẹn lọ sórí ìlà kẹrin, mi ò sì ní fo ibi tó burú.

Ojú mi kọ́kọ́ mọ wúrà ní Èkó, ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, tí mò ń pè ní Bàbá. Ìgbà ìsinmi ilé ìwé ni mo máa ń lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mò ń ṣe: fífọ òrùka àti yẹtí tí àwọn obìnrin kó wá. A ó sẹ́ eérú títí á fi kúnná bí àtíkè, a ó fún òrombó wẹ́wẹ́ sí i, a ó wá fi àtàǹpàkò fọ̀ ọ́ yípo yípo. Tí òrùka bá ní ojú ènìyàn tàbí ojú ẹran lára, a kì í fi àtàǹpàkò kan ojú náà, kó má bàa pa rẹ́. Tí mo bá parí, màá gbé e lọ fún Bàbá, wọ́n á gbé e sí oòrùn.

"Èyí ò tíì tàn. Ṣé wúrà tó ń ṣàìsàn lo fẹ́ dá padà fún olówó ẹ̀?"

Màá tún lọ fọ̀ ọ́. Tó bá tàn tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún mi ní gúgúrú. Ohun tí mo gbé kúrò ní ìsọ̀ yẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn wúrà kì í jẹ́ kó dọ̀tí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo parí ìwé girama, mo ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí mo sì fi pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, mo ti wà ní Hamburg, nínú yàrá kan ní Lurup. Ilé ìtajà owó àtijọ́ kan láàárín ìlú ń wá ẹni tó máa di ẹrù tó sì máa gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n gbà mí. Ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ríṣẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá tó ni ilé ìtajà náà ń jẹ́ Herr Brodersen. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ eérú kan náà ni wọ́n ń wọ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ wọ́n. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á ní kí gbogbo wa na ọwọ́ wa síwájú, wọ́n á yẹ èékánná wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá gùn, á padà sílé lọ gé e. Wọn kì í pariwo. Ó sàn kí wọ́n pariwo.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ẹrù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n to owó wúrà sí lórí fẹ́líféètì dúdú, mo sì dúró. Wọn kò gbé orí sókè.

"Kí lo rí?"

"Wúrà, sà."

"Gbogbo ayé rí ìyẹn. Padà wá nígbà tó o bá rí nǹkan mìíràn."

Mo padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo ní mo rí obìnrin kan tó di òdòdó mú.

"Ọwọ́ wo ló fi dì í mú?"

Mi ò mọ̀. Mo tún wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ni.

"Ọwọ́ òsì ńkọ́? Ṣé ó gbàgbé ẹ̀ sílé ni?"

Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó lè dáhùn. Owó náà kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò àgbà ọkùnrin lọ, obìnrin náà sì kéré ju kòkòrò lọ. Mo ní ó fi ọwọ́ òsì gbé ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Kí nìdí?"

"Bóyá ilẹ̀ lẹ́rẹ̀, sà. Ní Èkó, tí òjò bá ti rọ̀, báyìí làwọn ìyá wa ṣe máa ń gbé aṣọ kọjá."

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín wọn. "Ẹrẹ̀! Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ oríṣiríṣi lórí aṣọ yẹn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹrẹ̀ nínú gbogbo wọn." Wọ́n wá pa ẹ̀rín mọ́. "Ìrètí nìyẹn. Bí àwọn ará Róòmù ṣe ń ya ìrètí nìyẹn. Kò jókòó, kò gbàdúrà, kò wo òkè. Ó ń rìn, ó sì gbé aṣọ kó má bàa mú un kọsẹ̀. Tí kò bá níbi tó ń lọ, kò ní gbé aṣọ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ní kí ẹlòmíràn máa di ẹrù. Èmi di ọmọ iṣẹ́.

Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wúrà. Màá dúró síwájú tábìlì, màá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, màá sì sọ ohun tí mo rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó lè jókòó. Òfin wà fún ìjókòó náà: ìgúnpá lórí tábìlì, owó kò gbọ́dọ̀ ga ju ìbú ọwọ́ kan lọ sórí fẹ́líféètì, etí rẹ̀ ni kí ìka méjì dì mú, ènìyàn kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sórí rẹ̀, nítorí itọ́. Mo gbàgbé òfin itọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n fi aṣọ ìnujú bo ẹnu mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn oníbàárà rò pé eyín ló ń dùn mí.

Ojú kan owó náà ni orí ọba wà. Ojú kejì ni ọba náà ti ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló lójú. Obìnrin abìyẹ́ tó gbé adé ewé dání ni ìṣẹ́gun. Ọwọ́ ọ̀tún méjì tó bọ ara wọn ni ìrẹ́pọ̀. Ìwo tí èso kún inú rẹ̀ dé etí ń sọ pé oúnjẹ kò ní wọ́n. Ẹyẹ idì ń sọ pé ọba ti kú, ó ti lọ bá àwọn òrìṣà wọn. Tó bá jẹ́ ìyàwó ọba ló kú, ọ̀kín ni wọ́n ń yà. Mo rí ọ̀kan tí ènìyàn jókòó sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn. Mi ò fẹ́ wò ó. Herr Brodersen rí i pé mo yára fò ó.

"Kà á. Ẹni tó ni wúrà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kọ́kọ́ ka ohun tó ń sọ, kó o wá bi ara rẹ léèrè ohun tí kò sọ. Nígbà tí wọ́n bá kọ Àlàáfíà sára owó, lọ wádìí ogun tí wọ́n ń jà lọ́dún yẹn."

Mo kà á. Mo sọ ibi tí okùn wà, mo sọ bí orí rẹ̀ ṣe tẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò fo nǹkan kan mọ́.

Ó wá kan ibi tó burú. Ọdún kejì ni.

Opó kan wà tó ń jẹ́ Frau Lüders. Ọkọ wọn ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó owó àtijọ́ jọ. Nígbà tó kú, wọ́n kó o wá fún wa pé ká bá wọn tà á. Wúrà mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ Ìrètí, obìnrin olódòdó yẹn, tó rẹwà ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ. Ṣùgbọ́n ó pupa. Pupa bí osùn ti wọ inú gbogbo ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó sì yí orí ọba ká ní ojú kejì. Mo wò ó, mo rántí Bàbá. Wúrà tó ń ṣàìsàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Herr Brodersen lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Mo fẹ́ kí wọ́n bá iṣẹ́ ńlá kan nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé. Mo kó eérú nínú ààrò irin kékeré tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, mo mú òrombó tí wọ́n máa ń fún sínú tíì wọn. Mo fi àtàǹpàkò fọ̀ ọ́ yípo yípo. Mo yẹra fún ojú obìnrin náà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Pupa náà ṣí kúrò bí ìgbà tí ènìyàn fọ àtíkè. Mo ṣan án, mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún, mo gbé e sí àárín fẹ́líféètì. Ó ń tàn bíi pé àná ni wọ́n ṣe é. Mo ń súfèé bí mo ṣe ń retí wọn.

Wọ́n wọlé. Wọn kò tíì bọ́ fìlà nígbà tí wọ́n rí i. Wọ́n jókòó pẹ̀lú fìlà lórí, wọ́n mú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà." Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lo fi ṣe é?"

"Eérú àti òrombó, sà."

Wọ́n gbé awò náà fún mi. Mo wò ó. Ara wúrà náà kún fún ìlà kéékèèké, yípo yípo, bí irun orí ọmọ tuntun. Àtàǹpàkò mi ló wà níbẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí pupa yẹn jẹ́?" Ohùn wọn kò ga rárá. "Inú ilẹ̀ ló ti wá, ilẹ̀ tí òkè oníná da eérú bò. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ló fi dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kó tó ní àwọ̀ yẹn. Àwọ̀ yẹn nìkan ló lè jẹ́rìí ibi tó ti wá. Mi ò lè dá a padà. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó lè dá a padà."

Mo ní Bàbá mi ní Èkó ló kọ́ mi.

"Bàbá rẹ kọ́ ọ dáadáa. Òrùka ló kọ́ ọ. Òrùka ní olówó tó ń wọ̀ ọ́, ó fẹ́ kó tàn lónìí. Ẹni tó ni èyí ti kú tipẹ́tipẹ́. Àwa kàn ń bá a tọ́jú ohun tó kù ni."

Wọ́n wá dìde. "Lọ́la, aago mẹ́sàn-án, wàá lọ sọ fún Frau Lüders. Ìwọ fúnra rẹ. Mi ò ní kọ lẹ́tà, mi ò sì ní bá ọ lọ."

Mo rìn láti àárín ìlú dé Lurup lọ́jọ́ náà, mi ò wọkọ̀. Mo rò ó pé kí n má padà mọ́. Ta ló máa gbà pé ìfẹ́ ni mo fi ṣe é? Àjèjì tí wọ́n kó wúrà lé lọ́wọ́, tí wúrà sì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gé èékánná mi, mo wọ aṣọ tó dára jù nínú aṣọ mi, mo sì wọ bọ́ọ̀sì.

Frau Lüders gbé tíì síwájú mi. Mi ò mu ún. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí òrombó. Wọ́n gbọ́, wọ́n ń wo ọgbà ìta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí:

"Ṣé ó wá ń tàn báyìí?"

"Ó ń tàn, mà."

"Ọkọ mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí. Gbogbo ọdún tí a fi wà pọ̀, ọ̀ọ́kán ni mo ti ń wò ó." Wọ́n yíjú sí mi. "Sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ fún mi. Má fo nǹkan kan."

Mo sọ ọ́. Ibi tí pupa náà ti ki, ibi tó ti fẹ́lẹ́, bó ṣe wọ ìṣẹ́po aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lábẹ́ ọwọ́ òsì, bó ṣe fo etí òdòdó. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n gbé tíì tí mi ò mu kúrò níwájú mi.

"Inú bí mi sí ọ," ni wọ́n wí. "Má rò pé kò bí mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fọ̀ ọ́, ìwọ ni kó o kọ ọ́ sínú ìwé títà. Kọ ọ́ kó yé gbogbo ẹni tó bá kà á."

Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìwé tí a ń tẹ̀ fún àwọn oníbàárà máa ń ṣàpèjúwe owó kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ Ìrètí ti Frau Lüders, mo kọ ọ́ pé: *Pupa ilẹ̀ wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi eérú fọ̀ ọ́ nù ní ilé ìtajà yìí, láìtọ́. Ìlà ìfọ̀ hàn.* Herr Brodersen kà á, wọn kò yọ ọ̀rọ̀ kan. Kò sẹ́ni tó rà á. A dá a padà fún ìyá náà.

Ọdún kan gbáko ni mi ò fi fọwọ́ kan wúrà lẹ́yìn ìyẹn. Ìdí owó idẹ ni wọ́n fi mí sí, pẹ̀lú ọwọ́ sẹ́yìn tí wúrà bá wà lórí tábìlì. Aago mẹ́sàn-án la máa ń ṣílé. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa ń dé, lójoojúmọ́. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ irú tàwọn ọmọ ilé ìwé, mo sì ń ṣàpèjúwe owó wúrà kan láràárọ̀, ní Yorùbá ná, kó lè dá mi lójú pé mo rí i, kí n tó kọ ọ́ ní Jámánì. Mọ́kànlá ni ìwé náà nígbà tí mo kúrò ní Hamburg. Wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo lò níbẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ìyàwó mi ń ṣe ló gbé wa wá sí Berlin, mo sì rí ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ta owó àtijọ́ níbí, mo ṣe ọdún mẹ́rìnlélógún lọ́dọ̀ wọn. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n aláwo méjì la fi ń wọn wúrà, tí ènìyàn bá sín, ìwọ̀n náà á mì. Láti fi bí owó ṣe rí hàn nínú ìwé, a ó po Gips, ẹfun tó ń gan, a ó fi mú àwòrán ojú rẹ̀, a ó ya ẹfun náà ní fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn ni kámẹ́rà onífíìmù, lẹ́yìn rẹ̀ kámẹ́rà oníkọ̀ǹpútà. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n gbé ìyẹn dé. Àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ rò pé màá sá. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo kọ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ sínú ìwé, mo sì mọ̀ ọ́n. Lónìí, owó tó kéré ju èékánná lọ lè kún ojú kọ̀ǹpútà bí àwo oúnjẹ. Ẹni tó ń ya fọ́tò fún wa nígbà kan fẹ́ fi kọ̀ǹpútà nu ìlà ìfọ̀ kúrò lára àwòrán kan. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀," ló wí. Mo ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó bi mí ìdí tí ìlà kékeré fi ń bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀.

Berlin la ti bí Àjọkẹ́. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Jámánì ló fi ń dáhùn, nítorí náà ni mo ṣe kó ìwé mọ́kànlá wọ̀nyẹn jáde nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, á kà á sókè fún mi: *Obìnrin ń rìn lọ sí òsì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di òdòdó mú.* Kíkà Yorùbá ni mo rò pé mò ń kọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé mò ń kọ́ ọ níṣẹ́.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, ó lọ fi ọ̀sẹ̀ kan wo iṣẹ́ náà ní Hamburg. Herr Brodersen ti kú. Ọmọ wọn obìnrin ló jókòó sórí àga náà báyìí. Nígbà tí Àjọkẹ́ padà délé, kò tíì bọ́ bàtà tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Papa, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé wúrà kan fún mi, pé kí ni mo rí. Spes ni, Ìrètí yín! Frau Brodersen ní gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún un. Ẹnì kan ti fọ̀ ọ́. Schrecklich! Ó burú jáì! Ó kún fún ìlà, yípo yípo."

Mo ní kí ló wá sọ fún wọn.

"Mo sọ pé ẹni tó fọ̀ ọ́ kò fẹ́ bà á jẹ́. Gbogbo ara ẹ̀ ló ní ìlà, àfi ojú obìnrin yẹn. Ó yẹra fún ojú ẹ̀. Frau Brodersen wò mí títí. Kí ló dé, Papa? Kí lẹ ń wò bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo lọ gbé omi kaná. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Owó tí mo rò pé ó ti bá Frau Lüders lọ ti padà sí ilé yẹn lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní àṣìṣe mi. Inú ilé yẹn ni wọ́n ní kí n fi ọmọ mi sí.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ní kí Àjọkẹ́ jókòó, mo sì ka ohun tí ẹ ti kà yìí sí i létí. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ibi eérú, Àjọkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí mo kà á tán, mi ò lè gbé ojú sókè.

"Ẹ̀yin ni?" Yorùbá ló fi sọ ọ́. "Papa, ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

"Pẹ̀lú òrombó?"

"Pẹ̀lú òrombó."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. Ìyá rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló fa àga rẹ̀ mọ́ mi.

"Frau Brodersen fi ìwé títà àtijọ́ kan hàn mí. Wọ́n ní kí n ka ìlà kan. Ó ní, 'ní ilé ìtajà yìí, láìtọ́.' Wọ́n ní nínú gbogbo ìwé títà tí àwọn ti rí, ibẹ̀ nìkan ni ilé ìtajà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ní bàbá àwọn máa ń sọ pé ìlà yẹn ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè fọkàn tán àwọn. Mo bi wọ́n pé ta ló kọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló máa sọ ọ́." Ó na ọwọ́ sí ìwé ojú ewé mẹ́rin náà, ó tì í díẹ̀ sọ́dọ̀ mi. "Ìlà yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ lọ síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ti yín ni."

"Ìwọ náà máa ṣàṣìṣe," ni mo wí.

"Mo mọ̀."

"Mi ò ní sí níbẹ̀."

"Mo mọ̀, Papa. Màá kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìyàwó mi ti gbé bíírò síwájú mi. Mo kọ orúkọ mi ní kíkún sórí ìlà kẹrin, láìkánjú, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ọjọ́ Ajé, Àjọkẹ́ ní òun ò ní fi ìwé náà sínú àpótí lẹ́tà, òun fúnra òun ló máa gbé e lọ sí Hamburg. Ó wọ yẹ̀rì gígùn aláwọ̀ búlúù. Mo dúró lójú fèrèsé ní àjà keje. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi sì dá dúró láàárín ilé wa àti ibùdó tram, bó ṣe máa ń rí.

Mo kà á bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Obìnrin ń rìn lọ sí òsì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di àpò ìwé funfun mú. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀.

Mo bojú wẹ̀yìn. Agboòrùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mi ò sì ṣí fèrèsé láti pè é padà.